Ṣé kí n máa da E85 sínú Subaru mi? Èsì fún àbúrò kan ní Chicago

Ìbéèrè tí mo gbà nìyí (E85 tó wà nínú ẹ̀ ni epo mọ́tò tí ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle, pọ̀ ju bẹntiróòlù lọ nínú ẹ̀, 93 sì ni bẹntiróòlù tí nọ́ńbà ọ́kítéènì ẹ̀ jẹ́ 93): "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Subaru WRX STI 2017 ni mò ń wà, Chicago ni mò ń gbé. Ilé epo kan wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi tó ń ta E85, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ ju 93 tí mò ń rà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà máa pò ó mọ́ 93, pé mọ́tò mi á lágbára sí i, mi ò sì ní pààrọ̀ nǹkan kan. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi n'Íbàdàn, wọ́n pariwo mọ́ mi, wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé epo tó ba mọ́tò àwọn èèyàn jẹ́ ní 2022 ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa bó o ṣe béèrè kó o tó kọrí sí ilé epo. Indianapolis ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Subaru àti Mitsubishi Evo ló pọ̀ jù nínú àwọn mọ́tò tí mò ń túùn, ìyẹn ni pé mò ń tún ìtọ́ni inú kọ̀ǹpútà wọn kọ kí agbára wọn lè pọ̀ sí i, E85 yìí náà ni mò ń lò nínú tèmi, torí náà mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o sá fún un. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹ sọ, ìdajì tí ò sọ yẹn gan-an ló sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Bàbá. Epo tó da ìlú rú níbẹ̀rẹ̀ 2022 yẹn, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wọlé, ó sì ti wọ táńkì ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó mọ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù àti ẹ́tánọ́ọ̀lù jọra lórúkọ bí ìbejì, àmọ́ ìwà wọn ò dọ́gba. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ohun tó ń jẹ́ kí ògógóró pa èèyàn bí ọtí, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni èyí tó ń fọ́ni lójú tó sì ń gbẹ̀mí èèyàn tó bá wọnú ògógóró, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015. Nínú mọ́tò náà, mẹ́tánọ́ọ̀lù burú sí rọ́bà àti àlùmíníọ̀mù ju ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Èyí tí wọ́n ń tà fún mọ́tò ní Amẹ́ríkà níbí, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á wá sè é kí wọ́n lè gba ooru ẹ̀, ọ̀nà kan náà táwọn ìyá wa ń gbà fi ẹmu ṣe ògógóró ni, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju pé ilé iṣẹ́ tiwọn tóbi. Kódà 93 tó ò ń rà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ́tánọ́ọ̀lù kó 10 nínú 100 ẹ̀, E10 là ń pè é, o ti ń lò ó látọjọ́ tó o ti ra mọ́tò. Torí náà fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, pé èèyàn ń da ohun tí ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú mọ́tò, òótọ́ ni, a máa padà síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rẹ́ ẹ. Agbára ò sí nínú E85 fúnra ẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ́ńbélé, ohun tó lè mú jáde nínú ẹ̀ kéré sí ti bẹntiróòlù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Tó o bá dà á sínú mọ́tò tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kò sí agbára kankan tó máa já sí ẹ lọ́wọ́, epo ni wàá kàn máa jó. Ibi tí àǹfààní ẹ̀ wà ni sùúrù. O mọ̀ pé tọ́bò ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá, bó bá ṣe ń kì í sí i ló ṣe ń gbóná sí i, písítìnì á tún wá fún un pọ̀. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tanná, ó yẹ kí iná yẹn máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ojú púlọ́ọ̀gì dé etí sìlíńdà, àmọ́ tí ooru bá ti pọ̀ jù, epo tó wà ní kọ̀rọ̀ ò ní dúró kí iná dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á bú gbàmù fúnra ẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní nọ́ọ̀kì. Kì í ṣe èyí tí mẹkáníìkì ń sọ ní Ládípọ̀ pé "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" o, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ti kú, eléyìí ni ohun tó lè gbé e débẹ̀, ìró ẹ̀ sì lè kéré débi pé etí ẹ ò ní gbọ́ ọ tí páìpù èéfín bá ti ń dún nídìí mọ́tò.

Nọ́ńbà ọ́kítéènì tí wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù, nọ́ńbà sùúrù ni, ó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ tó kó tó bú. Sùúrù ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ṣó o rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń fi sípíríìtì nu apá èèyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, bí ibẹ̀ ṣe máa ń tutù rinrin? Sípíríìtì yẹn ń gba ooru ara ẹ lọ bó ṣe ń gbẹ. Ohun tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì gan-an nìyẹn, kílò kan ẹ̀ ń gba ooru tó ju ìlọ́po méjì ti bẹntiróòlù kó tó di afẹ́fẹ́, a sì tún ń da púpọ̀ sí i nínú ẹ̀ ju bẹntiróòlù lọ, torí náà ìtura yẹn á tún pọ̀ sí i. Torí sùúrù àti ìtura yìí ni ẹni tó ń túùn mọ́tò ṣe lè ní kí tọ́bò ki afẹ́fẹ́ sí i, kí púlọ́ọ̀gì sì tètè tanná. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Tẹ́nì kankan ò bá yí táímìnì (ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná) àti boost (bí tọ́bò ṣe ń ki afẹ́fẹ́ tó) pa dà, sùúrù yẹn á kàn wà níbẹ̀ láìrí iṣẹ́ ṣe.

Wo Dodge Demon 170 tí wọ́n gbé jáde ní 2023, 900 ni agbára ẹṣin ẹ̀ lórí E10, tó bá jẹ́ E85 ó di 1,025, mọ́tò kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. Koenigsegg ti Sweden ti ṣe irú ẹ̀ tipẹ́ nínú CCXR ní 2007, 806 lórí bẹntiróòlù, 1,018 lórí E85, Jesko tiwọn sì wá di 1,280 àti 1,600. Níbi tí mò ń gbé yìí, láti 2007 ni wọ́n ti ń fi ẹ́tánọ́ọ̀lù sá eré Indianapolis 500. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé epo àwọn tálákà ni. Àmọ́ gbogbo àwọn mọ́tò yìí, àtilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe pọ́ǹpù epo wọn àti nọ́sùlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì wọn láti gba epo yẹn, kọ̀ǹpútà wọn mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ni ìwọ ò tíì ní.

Bẹntiróòlù pọ́ńbélé, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ni ìwọ̀n epo kan ń fẹ́ kó tó jó tán. E85, nǹkan bí 9.8 péré ló ń fẹ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé fún afẹ́fẹ́ kan náà, epo tó o máa dà sí i gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i gan-an, ní ojú pọ́ǹpù àti nọ́sùlù ó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta lé, nígbà mìíràn ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́sùlù tí Subaru fi sínú STI ẹ, bẹntiróòlù ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Tó o bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì kò sí wàhálà, sẹ́ńsọ̀ èéfín á rí i pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á fi kún un. Ọjọ́ tó o bá tẹ ẹ́ dé ilẹ̀ ni wàhálà, torí níbẹ̀ kọ̀ǹpútà Subaru ò wo sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́, iye tí wọ́n kọ sínú máàpù, ìyẹn àtẹ ìtọ́ni inú kọ̀ǹpútà, ló máa fún un, tí iye yẹn bá ti kéré tàbí tí nọ́sùlù ti ṣí tán tí ò lè ṣí mọ́, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ lábẹ́ boost, ooru á ga, nọ́ọ̀kì burúkú kan ṣoṣo lè tó láti la písítìnì.

Ọ̀rẹ́ ẹ lè ní òun ò sọ pé kó o da E85 nìkan, pé pípò lòun wí. Ó dáa, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táńkì ẹ ń gba nǹkan bíi 60 lítà, ìyẹn gálọ́ọ̀nù 15 àti díẹ̀. Tó o bá da gálọ́ọ̀nù 4 E85 sí i, tó o fi 93 tó jẹ́ E10 kún un ní gálọ́ọ̀nù 11, tí E85 yẹn bá jẹ́ 85 lóòótọ́, E30 géérégé ló máa jáde. Èyí táwọn èèyàn ń lò jù nìyẹn, ó sì dáa tí wọ́n bá túùn mọ́tò fún un. Àmọ́ E85 kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 85. Òfin ilẹ̀ yìí gbà kí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú ẹ̀ wà láàárín 51 sí 83 nínú 100, bí àkókò ọdún àti ibi tó o wà bá ṣe rí, orúkọ kan náà ni wọ́n á sì kọ sára pọ́ǹpù. Tó bá jẹ́ 70 ni wọ́n tà fún ẹ, gálọ́ọ̀nù 4 ẹ yẹn á fún ẹ ní E26, tó bá jẹ́ 51, E21 ló máa jẹ́. Tí wọ́n bá ti túùn ẹ́ pẹ̀lú boost àti táímìnì E30, ẹ̀ẹ̀rùn lo máa gbádùn ẹ̀, àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù o ò ní mọ̀gbà tí sùúrù yẹn tán.

Èmi ti jẹ ìyà ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. STI 2011 ni mo ní nígbà yẹn, mo túùn ẹ́ fún E85 ní October, mo wọn epo náà, 82 ni mo bá. Mi ò fi sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ẹ́tánọ́ọ̀lù sí i torí mo rò pé ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ yìí, ilé epo kan náà ni mo sì ń lọ. Nígbà tó di December mo ra epo níbẹ̀, mi ò wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti yí i sí ti ìgbà òtútù, wọn ò sì ṣe ohun tó lòdì sófin. Mo ń wọ ojú ọ̀nà ńlá, mo tẹ ẹ́, mọ́tò lọ bí ọfà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fín èéfín búlúù, ó ń mu ọ́ìlì, nígbà tí mo tú u, ibi tí ríìngì ń jókòó sí lára písítìnì kẹrin ti là. Lẹ́yìn náà ni mo wọn èyí tó kù nínú táńkì, kò tó 65. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọwọ́ ara mi tò, àìfẹ́ wo gílásì omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ló pa á. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ gùn báyìí fún ẹ nìyẹn.

Gílásì omi tí mo sọ yẹn, ó rọrùn. Ra gílásì gbọọrọ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, èyí tó ń gba 100 ml. Bu omi 20 ml sí i, kó o wá da E85 kún un títí dé 100. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é o, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí. Dé e, mì í dáadáa, gbé e kalẹ̀. Omi ò bá bẹntiróòlù rẹ́, àmọ́ òun àti ẹ́tánọ́ọ̀lù ò lè fi ara wọn sílẹ̀, torí náà ó máa fà á mọ́ra lọ sísàlẹ̀, bẹntiróòlù á dá dúró lókè. Wo ibi tí ìlà wà. Ká ní ó wà ní 76, yọ 20 omi ẹ kúrò, ó ku 56, 56 nínú 80 tó o dà sí i jẹ́ 70 nínú 100. Kò péye bíi ti lábù, àmọ́ ó tó láti yọ ẹ́ nínú ewu.

Èyí tó dáa ju ìyẹn lọ ni sẹ́ńsọ̀ ẹ́tánọ́ọ̀lù, òun náà ni mo máa fẹ́ kó o fi sí i. Ó máa ń jókòó lójú ọ̀nà epo, epo á máa gba inú ẹ̀ kọjá, á sì máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, 50 Hz tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ò bá sí rárá, 150 Hz tó bá jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan, gbogbo èyí tó wà láàárín ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń túùn á kọ máàpù ti bẹntiróòlù, á kọ ti E85, kọ̀ǹpútà á sì máa rìn láàárín àwọn méjèèjì fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ tó wá di òótọ́, da èyí tó bá wù ẹ́ sí i, E85 lónìí, 93 lọ́la tó o bá rìnrìn àjò lọ síbi tí ò sí E85, ìṣirò gálọ́ọ̀nù 4 àti 11 ò kàn ẹ́ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ fowó sí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni pọ́ǹpù tó lágbára, nọ́sùlù ńlá tó lè fọ́n bíi 1,000 cc epo sókè ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì tó tutù ju ti ilé iṣẹ́ lọ ní ìpele kan, àti owó ẹni tó máa túùn ẹ́ lórí dáínò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò. Tó ò bá tíì ní owó gbogbo ẹ̀ pọ̀, máa tọ́jú owó, máa wa mọ́tò ẹ lórí 93. Má ra nọ́sùlù kó o fi túùn sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan tún wà nípa ẹ́ńjìnnì tìẹ yẹn, EJ257. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìró ẹ̀ nìkan tó mi, àmọ́ písítìnì tí ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀ ò fẹ́ràn ìyà, ibi tí ríìngì ń jókòó sí yẹn ló máa ń là. E85 ò sọ písítìnì di irin o, ó kàn ń lé nọ́ọ̀kì jìnnà ni. Ẹni tó bá rí i pé nọ́ọ̀kì ò sí mọ́ á fẹ́ máa fi boost kún boost, ìfúnpọ̀ tó ga láti ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì máa yí tó ìgbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan, ló sì ń pa wọ́n. Sọ fún ẹni tó máa túùn ẹ́ pé kó jẹ́ kí boost gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó fi agbára sí òkè. Kò ní ta ọ́ sẹ́yìn nínú ìjókòó bíi tàwọn yòókù, àmọ́ wàá pẹ́ lórí ẹ̀.

Fílítà epo ńkọ́? Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fọ gbogbo ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ táńkì látọdún yìí wá, inú fílítà ló sì máa kó gbogbo ẹ̀ sí, torí náà pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn táńkì mélòó kan. Ọ́ìlì náà, máa tètè yí i. Epo tó pọ̀ tí à ń dà sí i yẹn, díẹ̀ ń já sínú ọ́ìlì tó o bá ń rin ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì ò gbóná dáadáa, ní ìgbà òtútù Chicago ọ́ìlì lè funfun bí ẹ̀kọ mímu lábẹ́ ìdérí ẹ̀, wa mọ́tò náà jìnnà lọ́sẹ̀, kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ. E85 tún ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tó o bá fẹ́ gbé mọ́tò kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó o lọ ilé, lò ó tán kó o fi bẹntiróòlù kún táńkì kó o tó lọ. Má sì tọ́jú ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì nínú ilé.

Òtútù fúnra ẹ̀ wá ńkọ́. Ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ́ńbélé kì í yọ ooru tó lè gbaná títí dìgbà tó bá tó nǹkan bíi 13°C, bẹntiróòlù á ti yọ tiẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dì bíi yìnyín. Ìdí tí wọ́n fi ń dín in kù ní ìgbà òtútù nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn ará Brazil ti bá a jà tipẹ́, Fiat 147 tí wọ́n gbé jáde ní 1979 ni mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu tó jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan ló ń mu, fún ọ̀pọ̀ ọdún táńkì bẹntiróòlù kékeré kan máa ń wà nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta á jí láàárọ̀ tó bá tutù. Ní Bahia ní Brazil níbẹ̀, níbi táwọn èèyàn wa ti ń sọ àṣẹ títí dòní, ìyá tó ń ta àkàràjẹ̀ lè da ẹ́tánọ́ọ̀lù kún táńkì ẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì, torí mọ́tò ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ilé iṣẹ́. Ní Chicago, máa retí pé láàárọ̀ January mọ́tò ẹ á máa yí fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹni tó túùn ẹ́ dáadáa á ti fi epo kún ti àárọ̀ nínú máàpù.

Nípa owó tó o sọ, má jẹ́ kó tàn ẹ́. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe láti ilé iṣẹ́ fún epo méjèèjì pàápàá, ọ̀nà tí gálọ́ọ̀nù kan ń gbé wọn lọ lórí E85 máa ń dín kù ní nǹkan bíi 15 sí 27 nínú 100. Tìẹ tó ní tọ́bò, tí ẹsẹ̀ ẹ sì wúwo, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó o fojú sí. Torí agbára ni kó o ṣe ṣe é, tàbí torí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìtura. Tó bá jẹ́ torí owó epo ni, dúró sórí 93.

Ní Sátidé yìí, kó o tó ra ohunkóhun, lọ bu E85 díẹ̀ ní ilé epo ẹ yẹn sínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún epo, kó o fi gílásì wọ̀n ọ́n, kó o tún wọn ti oṣù tó ń bọ̀. Fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye máìlì tó wà lórí mọ́tò àti bóyá ó ń mu ọ́ìlì láàárín ìgbà tó o bá yí i, torí tó bá ti ń mu ọ́ìlì báyìí, písítìnì la máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, E85 á ṣì dúró ná.